Kí Ìfẹ́ Má Baà Ṣá: Tọkọtaya, Ọmọ Wẹ́wẹ́ àti Oúnjẹ Alẹ́ Ẹni Méjì

Nígbà tí aago méje alẹ́ bá lù ní ìlú Èkó, yálà Ajé ni o tàbí Ọjọ́rú, ọkọ̀ ti máa ń tò lọ bẹẹrẹ lórí afárá Third Mainland, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 kí ìrìn láàárín Erékùṣù Èkó àti ìgboro yòókù lè yá, ṣùgbọ́n tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti sọ di ibi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń fi ìrọ̀lẹ́ wọn ṣòfò. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ti jáde ní Ìkòròdú, Ọjọ́dú, Ìyànà-Ìpájà tàbí Arẹ́pò kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú oorun ni wọ́n sì fi ọmọ sí. Bí wọn yóò bá fi padà délé, ojú oorun náà ni wọn yóò tún bá a.

Ohun tó kù nínú alẹ́ náà kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọkọ yóò ṣí oúnjẹ tí wọ́n bò dè é, yóò sì jẹ ẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó, tó ti fi ìdúró jẹ èyí tí àwọn ọmọ jẹ kù, ń lọ aṣọ ilé-ìwé lọ́wọ́, ó ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò, ó sì ń ro ohun tí yóò wà nínú abọ́ ọmọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tó bá wáyé láàárín àwọn méjèèjì kì í ju pé ṣé wọ́n ti san owó ilé-ìwé, ṣé gáàsì kò tíì tán, àti ta ni yóò gbé àbíkẹ́yìn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun ló kù.

Kò sí ìjà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ewu rẹ̀ gan-an sì nìyẹn, nítorí pé ìjà máa ń ní alárinà: mọ̀lẹ́bí a máa pe ìpàdé lé e lórí, àlùfáà ìjọ tàbí ààfáà àdúgbò a sì máa dá sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ìpàdé mọ̀lẹ́bí nítorí pé tọkọtaya tí wọ́n ń gbé ilé kan náà kò ráyè bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́?

Ọ̀kan lára ohun tí àwọn olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó máa ń dábàá fún irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ alẹ́ ẹni méjì, èyíinì ni oúnjẹ tí tọkọtaya sè nínú ilé ara wọn, ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì jókòó jẹ pọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ìmọ̀ràn náà dára, ó sì ṣeé tẹ̀ lé, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó dáná ni àǹfààní rẹ̀ wà ju inú ìkòkò lọ, apá ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ tó ń gba ìmọ̀ràn náà sì máa ń fò.

Ohun tó ń bá ọmọ wọlé

Yorùbá gbà pé ọmọ ni èrè ìgbéyàwó, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa ìdílé ti ń sọ ọ́ pé àsìkò tí àkọ́bí dé wà lára àwọn àsìkò tí àjọṣe tọkọtaya máa ń rí ìdánwò jù. Ní ọdún 1957, E. E. LeMasters, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí tọkọtaya 46 tó ti bí àkọ́bí wọn, 38 nínú wọn ló sì jẹ́wọ́ pé ìyípadà tí ọmọ náà mú bá ilé le gan-an fún àwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fẹ́ ọmọ náà tọkàntọkàn.

Ní ọdún 2000, Alyson Shapiro, John Gottman àti Sybil Carrère, tí wọ́n ṣe ìwádìí tiwọn ní ìlú Seattle, kọ̀wé lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ìgbéyàwó, ìyẹn bí inú ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe dùn tó sí àjọṣe òun àti ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìtẹ́lọ́rùn àwọn ìyàwó tó pọ̀ jù lọ ló lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn kò lọ sílẹ̀. Nínú ilé àwọn tí tiwọn kò lọ sílẹ̀ yìí, ọkọ a máa fi ìfẹ́ hàn sí ìyàwó rẹ̀ ní gbangba, àwọn méjèèjì a sì máa mọ ohun tó ń lọ nínú ayé ara wọn, ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ àti ohun tó ń mú orí wọn yá. Èyí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú owó tàbí ilé ńlá, àmọ́ ó gba àkókò, àkókò gan-an ló sì wọ́n àwọn òbí ọmọ wẹ́wẹ́.

Nínú agbo-ilé àtijọ́, ìyá ọkọ ló máa ń wẹ ọmọ tuntun, àwọn ìyàwó ilé ń gbé e pọ̀n, àwọn ọmọ ilé tó ti dàgbà díẹ̀ sì ń ṣọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sí ọjà tàbí oko. Abiyamọ tó ń gbé fúláàtì oníyàrá méjì lónìí lè rí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì tí wọ́n fi wá bá a wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà bá ti di ẹrù rẹ̀ padà sí Ìlá tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ tí odindi agbo-ilé ń pín ṣe yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹni méjì, àwọn méjèèjì ọ̀hún náà ni wọ́n sì ń jí lọ sí ibi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ àwọn Yorùbá tó wà ní ìlú òkèèrè sílẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí owó ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́ àjèjì ti wọ́n gidigidi, àwọn tọkọtaya wà tí ọkọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán tí ìyàwó sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kí ẹnì kan lè wà pẹ̀lú ọmọ nígbà gbogbo. Ẹnu ọ̀nà ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti máa ń pàdé, tí ọ̀kan ń bọ́ bàtà bí èkejì ti ń wọ tirẹ̀.

Àwo ọkọ, àwo aya

Ẹni tó bá sọ pé àṣà òyìnbó ni kí tọkọtaya fi oúnjẹ ṣe ìfẹ́ ti sọ ìdajì òótọ́. Ìwé N. A. Fádípẹ̀ lórí ìgbé-ayé àwùjọ Yorùbá, èyí tó ti inú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 jáde, tí wọ́n sì tẹ̀ ní 1970, wà lára àwọn àkọsílẹ̀ pàtàkì lórí bí ilé Yorùbá ṣe wà kí òde òní tó gbòde. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bàálé kì í sábà bá ìyàwó rẹ̀ jẹ nínú àwo kan náà. Ìyàwó a gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, a bu omi ìfọwọ́ fún un, a sì padà lọ bá àwọn ọmọ jẹ tiwọn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ilé náà dáadáa tí yóò sọ pé kò sí ìfẹ́ nínú àwo yẹn. Ní ilé olórogún, ẹni tí àsìkò àtidáná fún ọkọ kàn ni àsìkò àtisùn lọ́dọ̀ rẹ̀ náà sábà máa ń kàn, nítorí náà ọ̀sán ni ìyàwó ti ń fi ọbẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwo tánganran tí kì í jáde lójoojúmọ́ yóò jáde, ẹja tó dára jù yóò wọ inú ọbẹ̀, ọkọ tó bá sì lóye yóò fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo fún ẹni tó sè é, yóò sì fi oríkì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni jíjókòó jẹ pọ̀ ní ojúkojú, lórí àga tó ga bákan náà. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀ àti àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà dé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú tábìlì ìjẹun di ohun iyì nínú ilé àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ti di tiwa láti ìgbà náà. Ó tọ́ kí ó di tiwa. Ìyàwó tí ó ń mú ìdajì owó ilé wá, tí ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kan náà, yẹ ní ẹni tí à ń bá jókòó.

Ta ni yóò dáná?

Ní ọdún 1989, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Arlie Hochschild, gbé ìwé kan jáde lórí ohun tó pè ní iṣẹ́ kejì, ìyẹn iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ọmọ tó ń dúró de obìnrin nígbà tó bá parí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un lé lórí. Obìnrin Yorùbá kankan kò nílò ìwé láti mọ iṣẹ́ kejì yìí, nítorí pé ó ń bá a jí ní aago mẹ́rin ìdájí.

Ibi tí ìmọ̀ràn oúnjẹ alẹ́ ẹni méjì ti sábà máa ń wọ́ nìyí. Ọkọ yóò gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àpèjọ àsálátù tàbí lórí rédíò, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó se nǹkan pàtàkì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyàwó yóò lọ sí ọjà, yóò gbo ewé, yóò lọ ata, yóò dín ẹran, yóò fi àwọn ọmọ sùn, yóò wẹ̀, yóò sì wọ aṣọ tó dára. Bí ó bá fi máa jókòó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú fún oorun, ìkòkò tí yóò fọ̀ sì ń dúró dè é. Iṣẹ́ kẹta ni èyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ìfẹ́.

Ọ̀pọ̀ abiyamọ tó ń ṣiṣẹ́ ló máa ń sọ pé bí ọkọ bá fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó máa ń wọ àwọn lọ́kàn ju ẹ̀bùn lọ. Àwọn ọkùnrin kan pẹ̀lú a máa sọ tiwọn, pé ìyá àwọn kò jẹ́ kí àwọn wọ ilé ìdáná nígbà tí àwọn wà ní kékeré, tàbí pé ẹ̀rù ń ba àwọn pé mọ̀lẹ́bí yóò sọ pé ìyàwó ti fi oògùn mú àwọn. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹnu ará ilé máa ń ta ni ju ẹnu ará ìta lọ. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń se ẹ̀wà àti àsáró fún ara wọn nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì tàbí nígbà tí wọ́n ń sin ilẹ̀ bàbá wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n sè. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó ni.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ fún alẹ́ yìí ni pé ẹni méjì ni yóò jẹ ẹ́, ẹni méjì ni yóò sì sè é. Bí ìyàwó bá jẹ́ ẹni tó mọ ọbẹ̀ jù, kí ọkọ gba ọjà, ata lílọ̀ àti abọ́ fífọ̀. Bí ọkọ bá mọ̀ ọ́n sè, kí ìyàwó jókòó tì í lórí àpótí kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ.

Ìrẹsì ọ̀fadà lórí àtẹ

Oúnjẹ tó bá alẹ́ yìí mu ni èyí tí iṣẹ́ líle rẹ̀ ṣeé ṣe sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Iyán dùn, pàápàá fún ẹni tó ti Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà wá, ṣùgbọ́n odó yóò jí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, àmàlà sì ń fẹ́ kí wọ́n rò ó ní wàrà kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ìrẹsì ọ̀fadà pẹ̀lú ayamáṣe kò ní ìṣòro méjèèjì.

Ọ̀fadà ni orúkọ ìlú kan ní agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìlú náà sì ni ìrẹsì yìí ti gba orúkọ rẹ̀. Ayamáṣe ni ọbẹ̀ ata tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ó ti wá. Tàtàṣé àti ata rodo tí kò tíì pọ́n, tí àwọ̀ wọn ṣì dà bí ti ewé, ni wọ́n ń fi sè é. Wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ láìkúnná, wọ́n á sì bọ̀ ọ́ kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Epo pupa ni wọn yóò wá yọ́ lórí iná jẹ́jẹ́, nínú ìkòkò tó ní ìdérí, títí tí pupa ojú rẹ̀ yóò fi ṣí. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jìnnà, ẹni tó ń yọ́ epo kò sì gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ rárá, nítorí pé epo tó bá gbóná kọjá ààlà lè gbiná. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Lẹ́yìn náà ni àlùbọ́sà, irú, ata, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹran àti ẹyin bíbọ̀ yóò tẹ̀ léra wọ inú rẹ̀.

Gbogbo èyí ṣeé ṣe ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí oúnjẹ bá jẹ́ ti ọjọ́ Ẹtì, ọbẹ̀ náà a sì máa dùn sí i bí ó bá sùn mọ́jú nínú fíríìjì. Ohun tí yóò kù fún alẹ́ gan-an ni ìrẹsì.

Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n ń tà nínú ọjà máa ń ní òkúta wẹ́wẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n ṣà á kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Wọ́n á da ìrẹsì náà sórí àtẹ, ẹni méjì á jókòó kọjú síra, ọ̀kan á fi ìka tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, èkejì á fa tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òkúta á máa bọ́ sínú ìdérí ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iṣẹ́ tó fẹ́ ojú ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹnu, nítorí náà ẹnu ráyè. Ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde nígbà tí tọkọtaya bá kọjú sí tẹlifíṣọ̀n a máa jáde nídìí àtẹ. Ìrẹsì tí ilé iṣẹ́ ti yọ òkúta rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n fún alẹ́ yìí, èyí tó ní òkúta ló dára jù.

Bí ewé eéran bá wà, ewé gbàǹgbà tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, kí wọ́n fi iná rà á kí ó rọ̀, kí wọ́n sì bu ìrẹsì náà sínú rẹ̀, torí pé òórùn rẹ̀ máa ń wọ inú ìrẹsì. Oúnjẹ yìí náà kò sì fẹ́ owó tó pọ̀ tó ti ilé oúnjẹ ńlá, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì láti ìgbà tí owó ìrìnnà àti ti oúnjẹ ti gbẹ́nu sókè lẹ́yìn tí ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Àkókò, iná àti fóònù

Kí àwọn ọmọ jẹun tiwọn ní kùtùkùtù ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n sì sùn. Bí ọmọ ọmú bá wà, kò sí àrà tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i, ó lè jí nígbàkígbà. Ẹni tí kò bá fún un lọ́mú ni kí ó bo oúnjẹ ẹnìkejì rẹ̀, kí ó sì dúró dè é. Àwọn nọ́ọ̀sì àti ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru lè sọ oúnjẹ alẹ́ náà di oúnjẹ àárọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà ní ilé-ìwé, iyì rẹ̀ kò sì ní dín kù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó, bí ó bá ti dájú.

Bí iná ọba bá lọ, kí wọ́n tan àtùpà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Fóònù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, nítorí pé ìpè ọ̀gá iṣẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti sọ alẹ́ náà di ọjọ́ iṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, owó ilé àti ti ìyá ọkọ dúró di ọjọ́ kejì. Ó sì yẹ kí ohun tí wọ́n ń jọ ṣe máa yí padà: ní ọdún 2000, Arthur Aron, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, tó fi hàn pé àwọn tọkọtaya tó jọ ṣe ohun tuntun tó ń ta wọ́n jí a máa sọ pé àjọṣe àwọn dára sí i ju àwọn tó jọ ṣe ohun tó ti sú wọn lọ. Nítorí náà, bí ọ̀fadà bá ti di ohun àtìgbàdégbà, kí ọmọ Ọ̀yọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ tàbí aya rẹ̀ tó jẹ́ Ìjẹ̀bú.

Ohun kan tún wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìbí àkọ́bí, ọkọ di Dádì, ìyàwó di Mọ́mì, tàbí kí wọ́n máa fi orúkọ ọmọ pe ara wọn, títí tí orúkọ tí wọ́n fi fẹ́ ara wọn sọ́nà yóò fi di ìgbàgbé. Ní alẹ́ yìí, kí Mọ́mì tún jẹ́ Àdùkẹ́, kí Dádì sì tún jẹ́ Àjàní.

Ibi tí agbára oúnjẹ mọ

Oúnjẹ kò lè wo ilé tí ọkọ ti ń na ìyàwó sàn, kò sì lè dípò òótọ́ tí ẹnì kan ti ń fi pa mọ́; irú ilé bẹ́ẹ̀ nílò àgbà, olùdámọ̀ràn, àti òfin nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè dá àkókò tí ibi iṣẹ́ gbà padà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 nígbà ìbímọ, kò sì ya ọjọ́ kankan sọ́tọ̀ fún bàbá ọmọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ní ọjọ́ 10 láti ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí ọjọ́ 14 fún tirẹ̀ ní 2022, àmọ́ ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ aládàáni ṣiṣẹ́ ṣì wà.

Ìyá àgbà, àǹtí tàbí àbúrò tó bá wà nítòsí lè ṣe ju agbanisíṣẹ́ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó bá gba àwọn ọmọ sùn ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ kan láàárín oṣù, láìjẹ́ pé àwọn òbí wọn ní ìnáwó tàbí àìsàn tó gbé wọn jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ààyè bẹ́ẹ̀, ẹ nawọ́ rẹ̀ sí àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dúró de ìyàwó kí ó dá ọjọ́: ẹ dá a fúnra yín, kí ẹ lọ ra ìrẹsì àti ata, kí ẹ sì rí i dájú pé kò sí abọ́ kan ṣoṣo tí yóò kù ní fífọ̀ fún un ní àárọ̀.